Ìlérí Tí A Ṣe fún Ara Wa: Ǹjẹ́ Gbèsè Ni Bí?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Bí ènìyàn bá ṣe ìlérí fún ẹlòmíràn tí kò sì mú un ṣẹ, gbogbo wa ni a mọ orúkọ tí a ń pè é. Bí owó ni ó ṣèlérí, a óò pè é ní onígbèsè. Bí ó bá jẹ́ pé ó ní òun yóò wá tí kò sì wá, a óò ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dá wà nínú yàrá rẹ̀, tí ó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Láti òní lọ, báyìí ni n óò máa ṣe," tí kò sì ṣe é, ta ni yóò mú un? Ta ni ó jẹ ní gbèsè? Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí nìyí. N kò fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní òfuurufú lásán. Mo fẹ́ gbé e ka orí ohun kan tí ó kan gbogbo àwa tí a wà ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá, èyí nì ni àṣà kí á máa kọ ìtàn, ewì tàbí eré-onítàn déédéé, yálà a rí ẹni tí yóò yìn wá tàbí a kò rí.

Ohun méjì ni ó mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ wọ́n, nítorí bí n kò bá sọ wọ́n, ẹ lè rò pé ọgbọ́n ìwé ni mo kàn ń dá.

Èkíní ni ti ìyá tí ó bí bàbá mi. Ní ìlú wa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ìyá náà mọ àlọ́, ó mọ ìtàn agbo ilé wa, ó sì mọ oríkì ilé kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò. Ní ọdún tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí, mo ra ìwé ìkọ̀wé kan tí ó ní ojú-ewé 80. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé, "Ojú-ewé kan ní alaalẹ́." Mo sọ fún ìyá náà pé gbogbo ohun tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ ni n óò kọ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwé tí yóò gbà á dà?" Láti ìgbà náà, bí mo bá ti lọ sílé fún ìsinmi, bí mo bá ti kúnlẹ̀ kí i tán, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ìwé wa ńkọ́?" Èmi náà yóò ní, "Ó kù díẹ̀, Ìyá." Ìyá náà sùn, kò jí, nínú òjò ọdún kejì tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn tí a sin ín tán, mo ṣí ìwé náà. Ojú-ewé 11 ni mo ti kọ. Àlọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀, àti oríkì kan tí ó dúró ní agbede-méjì ìlà. Ìyá náà ti ki ìyókù rẹ̀ sí mi létí, ó lé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Mo mọ ibi tí ó jókòó sí nígbà tí ó ń kì í. Mo mọ ohun tí ó ń ṣa nínú atẹ lọ́jọ́ náà. Oríkì náà gan-an ni n kò mọ̀ mọ́.

Èkejì ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n rán wa lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Kíláàsì kejì ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì ni wọ́n fún mi. Mo kọ àkọlé kan sí ojú pátákó: "Ọjọ́ Kan Tí N Kò Lè Gbàgbé." Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ ní ojú-ewé kan ààbọ̀, kí wọ́n sì mú un wá ní ọjọ́ Ẹtì. Ọmọbìnrin kan tí ó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nawọ́ sókè. Mo rò pé ó fẹ́ béèrè bí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ni. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin náà máa kọ tiyín wá?" Kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì ní kí ó jókòó. N kò dá a lóhùn. Kì í ṣe àfojúdi ni ọmọ náà ṣe. Ó fẹ́ gbọ́ ìtàn ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún mi, nítorí àwọn àgbà ti wí pé ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à á kọ́kọ́ wò. Èmi tí mo ń ní kí ọmọ 40 kọ ojú-ewé kan ààbọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin, n kò tíì kọ ìlà kan láti bí oṣù márùn-ún.

Nígbà tí mo padà dé, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé inú yàrá kan náà. Ó gbọ́ mi dé òpin, lẹ́yìn náà ni ó fi ìdí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ múlẹ̀ bí agbẹjọ́rò. Ó ní, "Gbèsè kò ju ọ̀rọ̀ ẹni méjì lọ: ẹni tí ó jẹ, àti ẹni tí a jẹ. Ẹni tí a jẹ ní àṣẹ láti dárí owó rẹ̀ ji ẹni tí ó jẹ. Nísinsìnyí, ìwọ ni o ṣe ìlérí, ìwọ náà ni o ṣe é fún. Ìgbàkígbà tí ó bá wù ọ́ ni o lè dárí rẹ̀ ji ara rẹ. Ilé-ẹjọ́ wo ni yóò jókòó gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀?" Lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò rí èsì fọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání, ó sì tù mí lára. Títù tí ó tù mí lára yìí gan-an ni ó kọ́kọ́ mú mi fura sí i.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní. Òótọ́ ni pé ẹnìkan ṣoṣo ni mí. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo ṣe ìlérí àti ìgbà tí mo dárí rẹ̀ ji ara mi kì í ṣe ìgbà kan náà. Nígbà tí mo ṣèlérí, orí mi pé, mo wo ọjọ́ iwájú, mo wo ọjọ́ orí ìyá àgbà, mo sì mọ ohun tí ó yẹ. Nígbà tí mo ń dárí ji ara mi, oorun ń kùn mí, ẹsẹ̀ ń ro mí, ibùsùn sì wà níwájú mi. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́, ta ni ó wà ní kóòtù lálẹ́ ọjọ́ náà? Ẹni tí ó fẹ́ sùn nìkan ni. Òun ni ó rojọ́, òun ni ó ṣe ẹlẹ́rìí, òun náà ni ó dájọ́. Yorùbá sì ti sọ orúkọ tí adájọ́ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà, ìdáríjì tí a fi ẹnu oorun ṣe kì í ṣe ìdáríjì, olè ni.

Lọ́nà kejì, ẹni tí ó bá ń ba ìlérí tí ó ṣe fún ara rẹ̀ jẹ́ yóò pàdánù ohun kan tí kò ní tètè mọ̀ pé òun ti pàdánù. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kọ "Láti òní lọ" sí ẹ̀yìn ìwé mi, inú mi dùn, mo sì gbà á gbọ́. Ní ìgbà kejì, mo gbà á gbọ́ díẹ̀. Ní ìgbà kẹta, bí mo ti ń kọ ọ́ ni mo ti mọ̀ pé n kò ní ṣe é. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi kò níyì lójú èmi fúnra mi mọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá níyì lójú ara rẹ̀, mo ń bẹ̀rù pé kò ní pẹ́ tí kò fi ní níyì lójú ọmọ aráyé.

Ọ̀nà kẹta ni ó wúwo jù lójú tèmi. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹni méjì ni ó wà nínú gbèsè náà, àwọn méjèèjì sì jẹ́ èmi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ó ń béèrè pé "Ìwé wa ńkọ́?" wà níbẹ̀. Kò ní "ìwé rẹ". "Ìwé wa" ni ó ní. Ọmọbìnrin tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé náà wà níbẹ̀. Bí ènìyàn bá gba ohun kan lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣáájú, tí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn sì ń retí rẹ̀, kò tún lè sọ pé ọ̀rọ̀ tòun nìkan ni. Ó dà bí ẹni tí a fi ẹrù rán. Ẹni tí a fi ẹrù rán kò ní àṣẹ láti dárí ẹrù náà ji ara rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Bí a bá ti gbà pé gbèsè ni, ohun tí ó kàn ni àwáwí tí a fi ń sá fún un. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni pé, "Ẹ̀mí ìkọ̀wé kò tíì gbé mi." A máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìkọ̀wé jẹ́ òrìṣà tí ó gbọ́dọ̀ gun ènìyàn kí ó tó lè lanu. N kò sọ pé irọ́ ni. Ọjọ́ mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ ń ṣàn, ọjọ́ mìíràn sì wà tí ó gbẹ bí odò inú ọ̀gbẹlẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé ó tọ́ kí á jókòó dè é?

Ẹ wo Isaac Babalọlá Thomas, ẹni tí ó dá ìwé ìròyìn Akéde Èkó sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1928. Láti oṣù Keje ọdún 1929 dé oṣù Kẹta ọdún 1930, ó ń tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn náà ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé obìnrin kan tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀ ni ó ń kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ránṣẹ́. Sẹ̀gilọlá ni orúkọ obìnrin náà. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ènìyàn gidi ni. Ní ọdún 1930 kan náà, a kó àwọn lẹ́tà náà jọ, wọ́n sì di ìwé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń pè ní ìwé ìtàn-àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ níhìn-ín ni pé ìwé ìròyìn kì í dúró de ẹ̀mí. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, àwọn atẹ̀wé ń retí. Bí ẹ̀mí gbé Thomas, bí ẹ̀mí kò gbé e, lẹ́tà ọ̀sẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jáde.

Ọkùnrin kan tún wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Anthony Trollope ni orúkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni láti ọdún 1834 títí di ọdún 1867. Ó ń jí ní kùtùkùtù, ó sì ń jókòó ti tábìlì rẹ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀. Ó ń san pọ́ọ̀nù márùn-ún lé lórí owó ọdọọdún ìránṣẹ́ rẹ̀ kan, kí ọkùnrin náà lè máa jí i, kí ó sì máa gbé kọfí fún un. Ó ń gbé aago síwájú ara rẹ̀, ó sì ń béèrè ọ̀rọ̀ 250 lọ́wọ́ ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15-15. Ó ní ìwé ìṣirò kan tí ó pín sí ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, níbi tí ó ti ń kọ iye ojú-ewé tí ó kọ lójoojúmọ́ sí, kí ó má baà sí ibi tí ọ̀lẹ yóò gbà fara pamọ́. Ìwé ìtàn-àròsọ 47 ni ó kọ kí ó tó kú ní ọdún 1882.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n sọ ìyókù ìtàn náà, nítorí ó ta ko ohun tí mo ń wí. Nígbà tí ìwé ìtàn ìgbésí ayé Trollope jáde ní ọdún 1883, tí àwọn ènìyàn sì kà nípa aago àti iye ọ̀rọ̀ tí ó ń kà bí ẹni ń ka iṣu, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni iṣẹ́ rẹ̀ rẹ̀wálẹ̀ lójú wọn. Wọ́n ní ẹni tí ó ń kọ̀wé bí ẹni ń lọ ọlọ kò lè jẹ́ òǹkọ̀wé tòótọ́. Ṣé wọ́n jàre bí? Lójú tèmi, wọn kò jàre. Ohun tí wọ́n gbàgbé ni pé wọ́n ti ka àwọn ìwé náà, wọ́n sì ti gbádùn wọn, kí wọ́n tó mọ bí a ṣe kọ wọ́n. Bí ọbẹ̀ bá dùn lẹ́nu ènìyàn, tí a wá sọ fún un pé aago kan pàtó ni ìyá olóúnjẹ ń dáná lójoojúmọ́, ǹjẹ́ ọbẹ̀ náà yóò tìtorí bẹ́ẹ̀ kan?

Àwa Yorùbá kò tilẹ̀ ní láti lọ yá ìmọ̀ yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ wo ọjà wa. Ọjà ọrún wà, ọjà ìsán wà, ìtàdógún sì wà. Bí ọjọ́ bá pé, wọ́n á ná an. Òjò lè rọ̀, èrò lè ṣàì pọ̀, iyebíye ọjà lè má dé. Síbẹ̀ ọjà ti pé. Kò sí ìyálọ́jà tí yóò ní kí á dúró ná, kí a kọ́kọ́ mọ̀ bí oníbàárà yóò wá. Ìdí tí oníbàárà fi ń wá ni pé ó mọ̀ pé ọjà kì í yẹ ọjọ́ rẹ̀. Bákan náà ni mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ìkọ̀wé rí. Oníbàárà ni. Bí ó bá dé ìsọ̀ wa lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò bá wa níbẹ̀, yóò gba ìsọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Ìdí mìíràn tún wà tí kíkọ déédéé fi dára, àní bí ohun tí a kọ kò bá tilẹ̀ tíì pọ́n. Gbogbo wa ni a mọ ìwé ìtàn ńlá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa ilẹ̀ Yorùbá. Ó parí rẹ̀ ní ọdún 1897, a fi í ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà sì sọnù sí. Johnson kú ní ọdún 1901, kò rí ìwé náà. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó fi ránṣẹ́ yẹn nìkan ni ó ní, ìtàn ì bá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ àkọsílẹ̀ àti àwọn ìwé àkọ́kọ tí kò tíì gún régé sílẹ̀. Inú wọn ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ti tún ìwé náà kọ, tí a fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921. Ohun tí à bá máa pè ní pàǹtí ni ó gba ìtàn ìran kan là. Nígbà tí mo bá rántí èyí, mo máa ń wo ojú-ewé 11 mi, n kì í sì í fẹ́ sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Mo ti sọ pé gbèsè ni ìlérí tí a ṣe fún ara wa. Ó kù kí n sọ ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo ronú sí i: pé ẹ̀ṣẹ̀ mi kò bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ tí mo kọ́kọ́ sùn láìkọ̀wé. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí mo ṣe ìlérí náà. Ojú-ewé kan ní alaalẹ́! Mo mọ̀ pé alẹ́ ni a ń se oúnjẹ, alẹ́ ni a ń ka ìwé ìdánwò, alẹ́ ni iná mànàmáná sì máa ń lọ. N kò wo èyíkéyìí nínú wọn. Ìlérí tí yóò dùn létí ni mo ṣe, n kò ṣe èyí tí agbára mi ká. Ẹni tí ó bá ṣe ìlérí tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, tí ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti purọ́ kí ọjọ́ ìsanwó tó pé. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Nítorí náà, ètò ṣíṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọgbọ́n nìkan. Ọ̀rọ̀ ìwà ni pẹ̀lú.

Báyìí ni mo ṣe tún ètò tèmi ṣe. Dípò ojú-ewé kan, ìlà márùn-ún ni mo dá fún ara mi. Ìlà márùn-ún kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú yóò ti mí láti sọ pé n kò ráyè, bí mo bá sì ti kọ márùn-ún, ó ṣọ̀wọ́n kí n má kọ mẹ́wàá. Dípò alẹ́, òwúrọ̀ ni mo mú, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó jí lọ pọn omi, nítorí ní àkókò náà kò sí ẹni tí yóò rán mi níṣẹ́. Ibì kan náà ni mo máa ń jókòó sí, kí ara mi lè mọ̀ pé ibẹ̀ kò wà fún ohun mìíràn. N kì í kọ ohun tí mo mọ̀ tán. Bí mo bá mọ ìlà tí ó kàn, ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí, kí n lè rí ibi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, bí ẹni tí ó bo ẹyin iná mọ́ eérú.

Mo tún ṣe òfin méjì. Òfin kìíní ni pé bí mo bá pa ọjọ́ kan jẹ, n kò ní san ti àná mọ́ ti òní. Ohun tí ó lé mi sá ní ìjọ́sí nìyẹn: mo jẹ ojú-ewé méjì, ó di mẹ́rin, ó di mẹ́wàá, bí onígbèsè tí kò lè gba ẹ̀gbẹ́ ilé olówó kọjá mọ́. Òfin kejì ni pé n kò gbọdọ̀ pa ọjọ́ méjì jẹ tẹ̀léra. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń ka ohun tí mo kọ ní ọ̀sẹ̀ náà sí ọ̀rẹ́ mi létí, ọ̀rẹ́ tí ó ní ilé-ẹjọ́ kankan kò lè gbọ́ ẹjọ́ mi. Òun ni ó wá di ilé-ẹjọ́ náà. Bí n kò bá ní nǹkan kà, kì í bá mi wí. Yóò kàn jókòó tí yóò máa retí ni.

N kò ní parọ́ fún yín pé gbogbo ohun tí mo kọ láti ìgbà náà ni ó dára. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ìyàngbò. Ṣùgbọ́n ẹ bi àgbẹ̀ kan léèrè bóyá ó ti rí ọkà bàbà tí ó hù láìní ìyàngbò rí. Aláṣọ òfì kì í sì í hun odidi aṣọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń hun, ọ̀já kan lẹ́yìn òmíràn, títí a ó fi rán wọn pọ̀ tí wọn yóò fi tó bora. Bí ènìyàn bá wo ọ̀já kan ṣoṣo, yóò ní kí ni a fẹ́ fi èyí ṣe?

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé kí á wá fi ìkọ̀wé ṣáájú ohun gbogbo ni? Rárá o. Bí ẹni tí a jọ ń gbé bá ń gbọ̀n fún ibà ní òwúrọ̀, tí mo sì tẹjú mọ́ ìlà márùn-ún mi, kì í ṣe pé mo san gbèsè. Mo fi gbèsè kékeré sá fún ńlá ni. Àṣà tí a dá ni ó yẹ kí ó máa ṣiṣẹ́ fún ìwà, kì í ṣe kí ìwà máa ṣe ẹrú àṣà. Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀yàtọ̀ ni pé mo máa ń bi ara mi léèrè: ṣé mo lè sọ ìdí tí n kò fi kọ̀wé lónìí lójú ìyá àgbà, kí ojú má ti mí? Bí ibà ẹlòmíràn ni ìdí náà, mo lè sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìtàkúrọ̀sọ orí fóònù ni, n kò lè sọ ọ́.

Nísinsìnyí mo lè padà sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìlérí tí a ṣe fún ara wa, gbèsè ni. Nígbà mìíràn ó tilẹ̀ le ju èyí tí a ṣe fún ẹlòmíràn lọ, nítorí kò sí ẹni tí yóò wá kanlẹ̀kùn béèrè rẹ̀. Àwa fúnra wa ni a ó máa rán ara wa létí. Kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ṣeé san. Èyí tí mo jẹ ìyá àgbà, n kò lè san án fún un mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Àbúrò ìyá náà lóbìnrin ṣì wà láàyè ní abúlé kejì sí tiwa. Ní ìsinmi tí ó kọjá, mo mú ìwé náà lọ bá a. Àlọ́ tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti máa ń pe ìjàpá, ẹtu ni òun ń pè. Mo kọ wọ́n bí ó ti sọ wọ́n. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ oríkì tí ó dúró ní agbede-méjì ìlà, ó bá mi kì í dé ìlà mẹ́rin sí i, ó sì ní òun kò mọ ìyókù. Ìlà mẹ́rin náà wà nínú ìwé. Mo fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ wọn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọdún díẹ̀ sí i, a ó tú ká lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri, a ó sì dúró níwájú pátákó. Ó dájú pé ọmọ kan yóò nawọ́ sókè lọ́jọ́ kan, yóò sì bi wá bóyá àwa náà ń kọ̀wé. Kò pọn dandan kí ohun tí a kọ jẹ́ ohun tí ayé yóò gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ó ṣáà jẹ́ pé bí ọmọ náà bá béèrè, a ó na ọwọ́ sínú àpò wa, a ó sì rí nǹkan mú jáde. Kí olúkúlùkù wa wo agbára rẹ̀, kí ó ṣe ìlérí tí ó mọ níwọ̀n, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọ̀la. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ìyá àgbà kan ní ilé tí ó ń béèrè pé ìwé wa ńkọ́, kí ó má ṣe dúró de òwúrọ̀ ọ̀la rárá.